Ẹni Tó Ń Kà Mí Lẹ́yìn Ìrun Alásàrí

Oníbìínú ènìyàn ni mí, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí mo bá kí ènìyàn tí kò dáhùn, mo máa ń dúró sójú kan náà ni, màá tún kí i, màá tún kí i, títí yóò fi dáhùn, ì báà jẹ́ pé adití ni. Kò parọ́ mọ́ mi. Bàbá mi, tó kó wa wá sí Lomé láti Nàìjíríà nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, lè gbàgbé oúnjẹ, àmọ́ kì í gbàgbé ẹni tí kò kí i. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí.

Mo ní ìsọ̀ kékeré kan ní Agoè-Nyivé, lẹ́bàá títì ńlá, níbi tí mo ti ń ta òwú, abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn télọ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ búlọ́ọ̀gì kan ní èdè Yorùbá, lórí fóònù mi, nígbà tí oníbàárà bá wọ́n. Ohun tí mo bá rí ni mo ń kọ: obìnrin tó rin ọjà já nítorí bọ́tìnnì kan ṣoṣo tó jọ ti ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, ọlọ́kadà tó ń sùn lórí ọ̀kadà rẹ̀ tí kò ṣubú, eruku Agoè tó ń sọ òwú funfun di pupa kí n tó rí ẹni rà á. N kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwa tí à ń sọ Yorùbá níbí kò pọ̀, a sì mọ ara wa. Ẹni tí mo bá dárúkọ láàárọ̀ lè dé ìsọ̀ mi kó tó di ọ̀sán, kó wá bi mí pé kí lòun ṣe mí.

Ojú-ewé kan wà lẹ́yìn búlọ́ọ̀gì náà tí èmi nìkan lè rí. Ó ń ka àwọn tó wá. Kò mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ó ń sọ ìlú tí wọ́n wà, ohun tí wọ́n kà, àkókò tí wọ́n kà á, àti irú fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn. Ojú-ewé yìí ló bà mí jẹ́. Kí n tó mọ̀ pé ó wà, inú mi máa ń dùn pé mo kọ nǹkan. Lẹ́yìn tí mo mọ̀ ọ́n, bí àádọ́ta ènìyàn bá kà mí, àádọ́ta náà ni mo máa ń bá jà nínú ọkàn mi, nítorí wọn kì í sọ nǹkan kan. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀, kò sí ẹ kú iṣẹ́. Ó dà bíi pé mo se oúnjẹ fún àlejò, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Mo wá ìmọ̀ràn lọ. Mo rí ojú-ewé kan ní èdè Faransé tó kọ́ni bí a ṣe ń mú kí òǹkàwé tó dákẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí n bi wọ́n ní ìbéèrè. Mo bi wọ́n pé irú òwú wo ni ìyá wọn fi ń rán bọ́tìnnì. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló dáhùn, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ló sì fẹ́ tà fún mi. Ó ní kí n fi ẹ̀bùn lọ̀ wọ́n. Mo ṣèlérí bọ́tìnnì méjìlá fún ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ojúlówó bọ́tìnnì, èyí tí mo ń tà. Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Ohun kẹta tó sọ ni pé kí n mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, kí n bá a sọ̀rọ̀ ojúkojú. Mo fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní àsìkò yẹn, mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ télọ̀. Òun kì í ka búlọ́ọ̀gì mi nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, ṣùgbọ́n òun ló wà nínú rẹ̀ jù. Ìsọ̀ rẹ̀ wà níwájú ilé rẹ̀, òpópó méjì péré sí tèmi. Ó máa ń wá ra òwú láàárọ̀, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, yóò sì fi ẹyọ òwú kan sẹ́yìn etí bí káfíńtà ṣe ń fi pẹ́ńsù sí i. Yóò gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá ń bínú, ẹ̀rín ló máa ń fi mí rín, èyí tí n kì í gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kan, ó sọ àṣírí kan fún mi. Ó ní bí ìyàwó òun bá ń lọ ata lẹ́yìn ilé, ó máa ń kọrin. Kì í ṣe pé ohùn rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Wákà tí ìyá rẹ̀ kọ ní Sakété ló ń kọ, yóò sì fi orin ṣọ́ọ̀ṣì ará ilé wọn tó jẹ́ ẹ̀yà Mina lú u láìmọ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi yóò pa mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, yóò ká ọwọ́, yóò sì máa gbọ́. Bí obìnrin náà bá ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ dákẹ́, yóò pè é láti ẹ̀yìn pé, “Kúràn ti lọ ni?” Bẹ́ẹ̀ là ń pe iná mànàmáná níbí. Yóò dáhùn pé ó ti lọ. Nígbà tí ata bá kúnná tán tí orin sì parí, kúràn yóò dé.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún un.

“Ṣé kí n sọ fún un kẹ̀?” ló wí. “Tó bá mọ̀ pé mo ń gbọ́, kò ní kọ ọ́ mọ́. Tàbí kó wá máa kọ ọ́ fún mi. Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́. Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.”

Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní nítorí orin ata ni aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe ń pẹ́. Ó ní òótọ́ ni.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ló pa á, ní àsìkò òjò. Mo wà níbi ìsìnkú, mo wà níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn náà mo padà sí ìsọ̀ mi. N kò mọ ohun tí mo lè fi bẹ́ǹṣì yẹn ṣe. Àwọn oníbàárà ń jókòó síbẹ̀, inú sì ń bí mi sí wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, mo kọ nípa rẹ̀. Mo kọ nípa òwú ẹ̀yìn etí, mo sì kọ ọ̀rọ̀ kúràn náà, gbogbo rẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ikú ti tú ìlérí náà ká. N kò bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti bèèrè.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Lomé ló wà. Fóònù àtijọ́ kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í wá láàárọ̀, kì í wá ní ọ̀sán. Lẹ́yìn ìrun alásàrí ló máa ń wá lójoojúmọ́, kò sì sí ohun mìíràn tó ń kà ju ọ̀rọ̀ télọ̀ yẹn lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀. Bí àsìkò náà bá tó, màá ti kí ìrun tán, màá gbé fóònù síwájú, màá sì máa wo ojú-ewé tó ń kani yẹn. Mo fún ẹni tó fẹ́ síìpù dúdú ní pupa nítorí rẹ̀. Ó kà á, kò sọ̀rọ̀. Ní ọ̀la ẹ̀, ó tún kà á, kò sọ̀rọ̀.

Títí di òní ni mò ń bi ara mi pé báwo ni n kò ṣe mọ̀. Ta ni yóò máa ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lákàtúnkà ní ìlú Lomé? Ẹni tí kò gbọ́n tó mi pàápàá ìbá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìwé kíkọ mi ló ń dùn mọ́ ọn. Mo ń wí nínú ara mi pé mo ti di òǹkọ̀wé. Ohun tó kàn ń dùn mí ni pé kò kí mi.

Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kọkànlélógún, mo rántí ìmọ̀ràn kẹta. Mo jókòó, mo sì kọ ọ̀rọ̀ yìí síta fún gbogbo ayé:

“Ìwọ tí o máa ń wá lẹ́yìn ìrun alásàrí, mo rí ọ. Lomé níbí lo wà. O ti ka ọ̀rọ̀ télọ̀ nígbà mọ́kànlélógún, o wọlé, o jáde, o ò kí onílé. Ṣé ojú ló ń tì ọ́ ni, àbí ìfẹ́ ló ń ṣe ọ́? Bó bá jẹ́ pé obìnrin ni ọ́, má bẹ̀rù, ìyàwó mi kì í jowú. Lọ́la, ní àkókò wa, màá máa retí rẹ. Dá mi lóhùn.”

Mo gbé e sí orí wáàsáàpù ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá. Kí n má parọ́, ọjọ́ náà dùn fún mi. Àwọn tí kò sọ̀rọ̀ rí tú jáde. Ọgbọ̀n èsì lé ní díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n tètè san owó orí. Ẹlòmíràn ní òun mọ obìnrin náà, Nyékonakpoè ló ń gbé. Mo dá gbogbo wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń rẹ́rìn-ín nìkan nínú ìsọ̀ bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn alásàrí, ó wá. Ó ka ọ̀rọ̀ tuntun náà lẹ́ẹ̀kan. Kò ka ti télọ̀. Kò dáhùn. Ní ọjọ́ kẹta, kò wá mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìyàwó mi lọ kí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Obìnrin náà wà nínú tákàbà, ìjókòó opó tó jẹ́ oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, tí kì í jáde nílé, tí kì í ṣe ọ̀ṣọ́, tí kì í sì í bá ọkùnrin òde sọ̀rọ̀ láìnídìí. Nígbà tí ìyàwó mi ń bọ̀, kò gba ilé lọ. Ìsọ̀ mi ló yà sí, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

“Bàbá Ìbejì,” ló wí, “ẹ ka ohun tí ẹ kọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun sí mi létí.”

Mo kà á. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ní ìyàwó mi kì í jowú, mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀rín kò sí níbẹ̀.

“Ẹ parí ẹ̀.”

Mo parí rẹ̀.

“Ìyàwó ọ̀rẹ́ yín ni,” ló wí. “Òun ló ń kà á.”

Ó ṣàlàyé fún mi. Ọmọbìnrin wọn tó wà ní kọ́lẹ́jì ló rí ọ̀rọ̀ télọ̀ náà tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí wáàsáàpù, tó sì fi han ìyá rẹ̀ pé, “Maman, ẹ wá wo ohun tí wọ́n kọ nípa Papa.” Láti ọjọ́ náà, bí ilé bá ti dá lẹ́yìn alásàrí, obìnrin náà yóò lọ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n fi aṣọ bò, yóò sì kà á. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó wá láti Akodessewa láti bá a gbé nínú tákàbà, ló bá fóònù náà lórí ẹní. Kò mọ̀wé, ó ní kí ẹnì kan nínú ilé ka ohun tó wà lójú rẹ̀. Èyí tí mo kọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló wà lójú rẹ̀.

“Àkókò wa,” ni ìyàwó mi wí. “Ọkùnrin kan ń kọ ọ́ sí opó pé àkókò wa. Kò tíì ṣe ìdajì tákàbà. Wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n ní tó bá ti jáde, kó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Sakété.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n ní àwọn ọmọ kò lọ ibì kan.”

Mo da ojú fóònù náà dé. Ó tún wí pé, “Ẹ̀ ń bínú pé kò kí yín. Ẹ̀yin náà, ìgbà wo lẹ lọ kí i kẹ́yìn?”

Àdúà ọjọ́ kẹjọ. Láti ọjọ́ yẹn, n kò yọjú sí ilé náà mọ́. Mo ní àwọn obìnrin ló ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin, mo sì fi í lé ìyàwó mi lọ́wọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ìsọ̀ òfìfo yẹn ń bà mí. Òpópó méjì péré, n kò lè rìn ín.

A jọ rìn ín ní ọjọ́ kejì, èmi àti ìyàwó mi. Ẹ̀gbọ́n náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ àbúrò rẹ̀, obìnrin gíga kan tó ń ta ẹja gbígbẹ, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ dìde,” ló wí. “Ẹ̀yin lọ̀rẹ́ àbúrò mi. Ẹ̀yin náà lẹ tún ń retí ìyàwó ẹ̀.”

Mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ ọ́, pé n kò mọ ẹni tó ń kà á, pé àwàdà ni. Mo ní ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ni obìnrin náà ń kà, mo sì ṣí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. Mo ka ti òwú ẹ̀yìn etí, mo sì dúró níbẹ̀. Kọ́tìnnì wà lẹ́nu yàrá inú, mo sì mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Níbo lorúkọ àbúrò mi wà níbẹ̀?” ni ẹ̀gbọ́n náà bi mí.

“Kò sí, Ẹ̀gbọ́n. N kì í dárúkọ ènìyàn.”

“Bon, ó dáa. Télọ̀ pọ̀ ní Lomé. Gbogbo wọn ló ń fi òwú sétí.”

Ọdún mélòó ni mo fi ń yangàn pé n kì í dárúkọ. Wàyí o, orúkọ kan ṣoṣo ni mo nílò, n kò sì ní in. Ìyàwó mi ló fi ìgúnpá gún mi.

“Ẹ ka ti kúràn sí wọn,” ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Mo kà á. Mo ka ata tí ó ń lọ̀, mo ka orin Sakété, mo ka bó ṣe ń pa mọ́tò tí yóò sì ká ọwọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí obìnrin náà ti ń bèèrè bóyá kúràn ti lọ, ẹ̀gbọ́n náà ní kí n dúró. Ó gbójú sókè wo gílóòbù tó wà lórí ẹ̀rọ náà fún ìgbà pípẹ́.

“Mo wà níbí lọ́jọ́ kan,” ló wí. “Gílóòbù yìí ń tàn lórí mi báyìí, àbúrò mi ń ké sẹ́yìn pé kúràn ti lọ. Mo ní, ‘Ṣé orí ẹ ti dàrú ni? Wo gílóòbù.’ Ó fi ìka sẹ́nu, ó ní kí n dákẹ́. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é.” Ó fi etí gèlè nu ojú. “Mo bú u gan-an lọ́jọ́ náà.”

Ó ní kí n tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì tún un kà. N kò gbọ́ ìró kankan láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

Ẹ̀gbọ́n náà fúnra rẹ̀ ló pe àwọn ẹbí padà. Wọ́n dá fóònù padà, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ Sakété mọ́. Mo pa ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn rẹ́. Mo rò pé mo ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n láti wẹ obìnrin náà mọ́, wọ́n ní láti sọ ìtàn kúràn fún gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ti àkọ́kọ́, àwọn yẹn náà sì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Àwọn tí n kò mọ̀ rí wá ń kà á. Àwọn obìnrin tó ń wá kí i nínú tákàbà ń ní kó kọ orin ata náà fún àwọn gbọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo wo ojú-ewé mi lẹ́yìn alásàrí, mo rí ènìyàn púpọ̀, n kò rí fóònù àtijọ́ yẹn.

Nígbà tó jáde tákàbà, ó ń lọ kí àwọn tó dúró tì í. Ó dé ìsọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ kú àdúrótì, Bàbá Ìbejì. Ẹ ní kí n kí yín. Mo wá kí yín.”

Mo bẹ̀ ẹ́ kó dìde. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. N kò rántí gbogbo ohun tí mo sọ, mo kàn mọ̀ pé mo sọ púpọ̀.

“N kò bínú,” ló wí. “Ohun tí ẹ kọ dára. N kì bá mọ̀ láé bí ẹ ò bá kọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá a jókòó. Bí mo bá ń kà á, èmi náà ń gbọ́ bó ṣe ń pa mọ́tò yẹn.” Ó gbọn eruku kúrò lórúnkún. “Nísinsìnyí tí mo bá ṣí i, gbogbo Agoè ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa.”

Mo ní kó jókòó. Ó wo bẹ́ǹṣì náà, ó ní òun ní ilé mẹ́ta sí i láti yà. Ìyàwó mi sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé ó ti ń gbé ata lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ìlọta báyìí, kì í lọ̀ ọ́ lẹ́yìn ilé mọ́.

Mo ti yọ ojú-ewé tó ń kani kúrò. Kò rọrùn, mo ní láti bẹ ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n kó bá mi ṣe é. Mo ti dí ibi èsì pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá wá kà mí, n kò mọ̀. Bí ó bá sì padà wá, n kò ní mọ̀. Lórí bẹ́ǹṣì yìí ni ọ̀rẹ́ mi ti sọ fún mi pé bí ìyàwó òun bá mọ̀ pé òun ń gbọ́, kò ní kọ ọ́ mọ́. Èmi ni mo gbọ́ ọ, èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, n kò sì kà á kó yé mi. Bí mo bá ti kí ìrun alásàrí tán báyìí, mo máa ń fi fóònù sínú àpótí bọ́tìnnì, màá dé e, màá sì jókòó tì í. Mo ṣì ń fẹ́ mọ̀.